Ṣé kí n ra jíìpù tòkunbọ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ìtàn

1/ Ẹ̀yin ará, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí irú ìbéèrè kan ti ń wọlé sí mi: "Àbúrò, jọ̀ọ́, ṣé kí n ra Highlander tòkunbọ̀, àbí kí n fọwọ́ mú owó mi?" Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, mi ò sì ta ọkọ̀ rí. Ìtàn ni mo ń kọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìtàn gan-an ló máa dá wọn lóhùn. Ẹ wá ibi jókòó sí, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

2/ Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Tẹ́ ẹ bá dé yáàdì ọkọ̀, tí wọ́n bá dá iye lé jíìpù kan, ẹ máa rò pé irin, táyà àti ẹ́ńjìnnì lẹ ń sanwó fún. Kì í ṣe ìyẹn nìkan o. Owó náírà tó já wà nínú ẹ̀. Owó òfin ẹnubodè wà nínú ẹ̀. Owó àwọn iléeṣẹ́ tó dákú nílé wa náà wà nínú ẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, á kàn máa sanwó ni, kò ní mọ ohun tó rà.

3/ Ẹ jẹ́ ká mú un látorí orúkọ. "Tòkunbọ̀" ò bẹ̀rẹ̀ lára ọkọ̀. Orúkọ ọmọ ni: ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n wá gbé wálé. Adétòkunbọ̀, Ọlátòkunbọ̀, ẹ mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé láti ìlú òyìnbó, Yorùbá wò ó, wọ́n ní ọmọ tó ti òkun bọ̀ lèyí náà. Orúkọ yẹn ràn kárí Nàìjíríà. Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá rárá ń pe ọkọ̀ ní tòkunbọ̀ lónìí.

4/ Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan. Aṣọ àlòkù tó tòkèèrè wá, òkírìkà la sọ ọ́, a sì máa ń fi bú èèyàn. Ọkọ̀ àlòkù tòkèèrè wá, orúkọ ọmọ tí ilé ń yọ̀ mọ́ la fún un. Àlòkù ni méjèèjì. Èyí fi hàn yín pé kò sí ìtìjú nínú ríra ọkọ̀ àlòkù lọ́dọ̀ wa, iyì ló jẹ́. Iyì yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n ń tà fún yín ní yáàdì.

5/ "Jíìpù" ńkọ́? Orúkọ ọkọ̀ ogun ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1941, Willys àti Ford ń ṣe ọkọ̀ kékeré kan tó lè gun òkè, tó lè la ẹrọ̀fọ̀ já, fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Jeep ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ wa lónìí, ọkọ̀ yòówù tó bá ti ga nílẹ̀, jíìpù ni, kódà kó má lè la ẹrọ̀fọ̀ kankan já. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

6/ Kí tòkunbọ̀ tó dé, báwo la ṣe ń rí ọkọ̀? Láyé ìjọba òyìnbó, wọ́n máa ń kó ẹ́ńjìnnì àti egungun ìdí ọkọ̀ wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn káfíńtà wa á wá kan ilé onípákó lé e lórí. Bọ̀lẹ̀kájà nìyẹn. Bedford wà lára èyí tí wọ́n mọ̀ jù. Nítorí náà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ wa ti jẹ́ ìdajì tiwa, ìdajì tòkèèrè. Kò sígbà kan tá ò gbójú lé èbúté.

7/ Ó wá ku ọjọ́ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rántí mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló pinnu irú tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rà lónìí: ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin ọdún 1972. Kó tó di ọjọ́ yẹn, apá òsì la fi ń wakọ̀ ní Nàìjíríà, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ Benin (Dahomey ni wọ́n ṣì ń pè é nígbà yẹn), Níjẹ̀ àti Kamẹrúùnù tó yí wa ká, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ìjọba ní káwa náà bọ́ sápá ọ̀tún. A bọ́ sí i.

8/ Kí ló wá kàn yín nínú ìyẹn? Òun ni pé ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ò bá títì wa mu mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹbí wa pọ̀ sí jù láyé ọjọ́un, sítíárìn wọn lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Jàpáàn náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn ara Kẹ́ńyà àti Tànsáníà ṣe ń ra àlòkù tààrà láti Jàpáàn lónìí, ti wa ò lè rí bẹ́ẹ̀. Toyota tí Jàpáàn ṣe, a ní láti dúró kí ará Amẹ́ríkà tàbí ará Yúróòpù kọ́kọ́ lò ó tán.

9/ Nígbà yẹn ṣá o, àlòkù kọ́ ló wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Epo rọ̀bì ń mówó wọlé. Ní 1975, iléeṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílé níbí: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Badagry, l'Ékòó. Ìbàdàn náà ní Leyland tó ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹnúgù, Bauchi àti Kánò náà ní tiwọn. Volkswagen tá à ń pè ní Ìjàpá wá di ọkọ̀ olùkọ́, Peugeot 504 di ọkọ̀ ọ̀gá.

10/ Owó oṣù náà gbé pẹ́ẹ́lí. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dábàá àfikún owó oṣù ní 1974, nígbà tó sì di 1975 ìjọba san èyí tó ti wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan fi ra rédíò, àwọn kan alùpùpù, àwọn kan ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń rí owó yá láti fi ra ọkọ̀, á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá àgbà yín: ọ̀pọ̀ wọn ra ọkọ̀ tuntun, kì í ṣe àlòkù.

11/ Ọkọ̀ wá pọ̀ l'Ékòó débi pé ìjọba ní kí ọkọ̀ máa jáde ní ọjọ́ọjọ́, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe bẹ̀rẹ̀. Tiyín lónìí, tèmi lọ́la. Kí làwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀! Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò lọ. Mo fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ ẹ rí bí ọkọ̀ tuntun ṣe wà ní àrọ́wọ́tó nígbà yẹn: òfin lòdì sí ọkọ̀ kan, wọ́n kàn lọ ra òmíì.

12/ Àléébù kan wà lára iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn látilẹ̀. Títò ni wọ́n ń to ọkọ̀, wọn ò ṣe é láti ìpìlẹ̀. Inú páálí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ọkọ̀ ń gbà wá, dọ́là àti owó òkèèrè mìíràn ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó òkèèrè wọ́n. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníṣòwò níwèé àṣẹ kí wọ́n tó lè kó ẹrù wọlé. Iléeṣẹ́ ò rí ẹ̀yà ọkọ̀ tó, ọkọ̀ tó ń jáde dín kù.

13/ 1986 ló wá fọ́ agbada. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1986, lábẹ́ ètò SAP ti ìjọba Babangida, wọ́n fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye lé e. Ní títà àkọ́kọ́, ó ju náírà 4 lọ fún dọ́là kan. Owó oṣù ò kúrò lójú kan. Ọkọ̀ tuntun tí olùkọ́ ń rà lánàá di ohun tí ọ̀gá ilé ìwé gan-an ń wò lókèèrè.

14/ Ibẹ̀ gan-an ni tòkunbọ̀ ti wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwa la kàn fẹ́ràn àlòkù. Ọjọ́ tí owó oṣù ò ká ọkọ̀ tuntun mọ́ ni àlòkù di ọkọ̀ wa. Jámánì, Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀mù ló kọ́kọ́ pọ̀, torí sítíárìn wọn bá tiwa mu, èbúté Antwerp sì wà nítòsí. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ "Belgium", ẹ̀yà àlòkù látòkèèrè ni wọ́n ń wí, kódà kó jẹ́ Kánádà ló ti wá.

15/ Nígbà tó yá, Amẹ́ríkà gba ipò. Àwọn èèyàn wa ti ń ṣí lọ láti àárín àwọn ọdún 1980. Nígbà tí físà tàwọn èèyàn ń pè ní "lọ́tìrì" dé ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n tún pọ̀ sí i ní Houston, ní Maryland, ní New Jersey. Ẹ̀gbọ́n tó wà lọ́hùn-ún á bá àbúrò ra ọkọ̀, á fi aṣọ, ìrẹsì àti ohun èlò ilé kún inú rẹ̀ bámúbámú, á gbé e sọ́kọ̀ ojú omi. Tin Can Island ní Àpápá ló máa ń sọ̀ sí. 1977 ni wọ́n ṣí èbúté yẹn, nítorí sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà ti dí èbúté Àpápá pa ní 1975.

16/ Ọ̀nà kejì ni Kútọnu. Owó ibodè tiwọn dín sí tiwa, ọkọ̀ ojú omi kì í sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Lẹ́bánónì, la pápá ọkọ̀ ńláńlá síbẹ̀. Àwọn oníbàárà tí wọ́n sì ń dúró dè jù, àwa ni. Láti Kútọnu, ọkọ̀ á gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdíìrókò wọlé. Èyí tí ò fẹ́ sanwó ibodè á gba ọ̀nà igbó. Fàyàwọ́ nìyẹn.

17/ Ẹ má gbàgbé pé Yorùbá wà lápá méjèèjì ibodè yẹn. Kétu wà lọ́hùn-ún, Ìmẹ̀kọ wà níbí, ẹbí ni wọ́n. Òyìnbó ló fa ìlà gba àárín wọn. Nítorí náà, fún ẹni tó mọ ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, "ibodè" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba lásán. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba yẹn kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, torí Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gba ọkọ̀ tí kò ní ìwé owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó rà á, kódà kó ti rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì.

18/ Ìjọba gbìyànjú láti dá ọwọ́ aago padà. Ní 2013, lábẹ́ Jonathan, wọ́n gbé ètò kan jáde pé kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ sọjí nílé. Wọ́n gbé owó ibodè àti àfikún lórí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ti tò tán lókè òkun dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ ilé ò tíì tó, tòkèèrè wá gbówó lórí. Ta ló jàǹfààní? Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tí ì bá ra tuntun náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa ní yáàdì àlòkù.

19/ Láti ọjọ́ 1 Oṣù Kíní 2017, wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, kí gbogbo rẹ̀ máa gba èbúté. Ní Oṣù Kẹjọ 2019, wọ́n ti ibodè pa pátápátá. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ti ilẹ̀kùn kan, iye owó jíìpù ní Berger máa ń gbọ́. Òfin tí wọ́n ṣe l'Ábújá, ẹ̀yin lẹ ń san án ní yáàdì.

20/ Ó yá, Highlander fúnra rẹ̀. Ọdún 2000 ni Toyota fi hàn aráyé ní New York, 2001 ló bọ́ sọ́jà Amẹ́ríkà. Ní Jàpáàn, Kluger ni orúkọ rẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ jíìpù tá a sọ lókè: egungun Camry ni wọ́n kọ́ Highlander lé. Camry tó wọ bàtà gogoro ni! Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ lára bí ẹ bá ń wà á, tí ẹ̀yà rẹ̀ kò fi ṣòro wá lọ́dọ̀ wa. Ìdí nìyẹn náà tí kì í fi í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn á máa kì bọ inú ẹrẹ̀ ojoojúmọ́. Ó ga tó fún kòtò Èkó àti títì Ọ̀tà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

21/ Ìran rẹ̀ yàtọ̀ síra, ẹ má kó wọn pọ̀. Àwọn àkọ́kọ́ pàá, V6 onílítà 3.0: irú ẹ́ńjìnnì yẹn nínú ọkọ̀ Toyota tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1997 dé 2002 ni ọ́ìlì ti máa ń dì bí ọ̀dà, débi pé Toyota fúnra rẹ̀ ṣètò àtúnṣe fún wọn. Láti 2004, lítà 3.3 ló wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì ló ń darí rẹ̀ nínú, tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ní nǹkan bíi máìlì 90,000. Tí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbà pé wọn ò tíì pààrọ̀ rẹ̀.

22/ Láti 2008 ni ìran kejì, V6 onílítà 3.5. Ṣéènì ló ní dípò bẹ́líìtì, ìyẹn sì dáa. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn ní ọ̀pá ọ́ìlì kan tó jẹ́ rọ́bà, tó lè bẹ́ kí gbogbo ọ́ìlì tú dànù. Toyota pààrọ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí irin l'Amẹ́ríkà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín wò ó bóyá irin ni tàbí rọ́bà. Kó wo pọ́ǹpù omi náà, ó máa ń jò. Láti ọdún 2009, ẹ lè rí onísìlíńdà 4, lítà 2.7. Kò yára tó V6, àmọ́ epo tó ń mu dín díẹ̀.

23/ Ẹ jẹ́ ká ṣírò báyìí, torí 2023 ló yí gbogbo nǹkan padà. Ká sọ pé jíìpù kan jẹ́ dọ́là 8,000 l'Amẹ́ríkà. Tí dọ́là bá jẹ́ náírà 460, bó ṣe sún mọ́ kó tó di Oṣù Kẹfà 2023, náírà 3,680,000 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 1,500, bó ṣe dé nínú 2024, náírà 12,000,000 ni. Ọkọ̀ kan náà o! Ọjọ́ orí rẹ̀ tún ti lé ọdún kan. Owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ibodè ò tíì wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù náà, látara dọ́là ni wọ́n ti ń ṣírò iye ọkọ̀ kí wọ́n tó yí i sí náírà.

24/ Epo ńkọ́? Táńkì Highlander ìran kejì ń gba bíi lítà 72. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún 2023, tẹ́ ẹ bá ra lítà ní náírà 190, náírà 13,680 ló kún un. Ẹ fi náírà 900 ṣírò rẹ̀: náírà 64,800. V6 yẹn ń rin nǹkan bíi kìlómítà 8 sí 9 lórí lítà kan, nígbà tí títì bá já gaara. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 ò jọ títì tó já gaara, èmi àti ẹ̀yin la jọ mọ̀.

25/ Àwọn àgbà á ní: "Ọkọ̀ ò jẹ́ kówó ṣòfò. Mo lo tèmi fún ọdún mẹ́rin, mo tún tà á ju iye tí mo rà á lọ." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹ wo ìtàn dáadáa: kì í ṣe ọkọ̀ ló níye lórí sí i, náírà ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó rà á ní mílíọ̀nù 4, tó tà á ní mílíọ̀nù 7, tó wá fẹ́ ra irú rẹ̀ padà, tó gbọ́ mílíọ̀nù 12, ṣé èrè ló jẹ? Ọkọ̀ á bá yín gbé owó pamọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ náírà tó ń já, ṣùgbọ́n òun náà ń jẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́: táyà, ṣọ́ọ̀kì, ọ́ìlì, epo.

26/ Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọn kì í sọ ní yáàdì. Ní 2020, àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé gbé ìwádìí jáde: láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù kéékèèké mílíọ̀nù 14 ni wọ́n tà sókè òkun kárí ayé. Áfíríkà ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ìjọba Nẹ́dálándì náà yẹ èyí tó ń ti èbúté tiwọn lọ sí Áfíríkà wò: ọ̀pọ̀ ti gbó, wọ́n sì ti yọ kátálísítì tó ń fọ èéfín kúrò lára àwọn kan. Ohun tí ọlọ́jà ń pè ní "ó mọ́ tónítóní", ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti kà á sí pàǹtí.

27/ Ti Amẹ́ríkà náà ní tiẹ̀. Ìjì Katrina ní 2005 àti Harvey ní 2017 rì ọkọ̀ rẹpẹtẹ. Ọkọ̀ tí omi wọ̀ tàbí tí wọ́n gbá, iléeṣẹ́ ìbánigbófò á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sí ọjà gbàǹjo, àwọn tó ń kó ọkọ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè á sì rà á lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á kùn ún, ó di tòkunbọ̀. Nítorí náà, "títì wọn dáa lọ́hùn-ún" ò tó láti fi ra ọkọ̀.

28/ Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nìyí. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1981 ní nọ́ńbà VIN tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú àti lára ilẹ̀kùn awakọ̀, kí méjèèjì bára mu. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Jàpáàn ni wọ́n ti tò ó; 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. Ẹ kà á dé ìkẹwàá: ọdún rẹ̀ nìyẹn. 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Tí wọ́n bá pè é ní 2011 tí ìkẹwàá jẹ́ 8, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa lọ ilé. Ẹ san owó díẹ̀ kẹ́ ẹ fi VIN wo ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ náà ní ìtàn tiẹ̀.

29/ Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dópin, kẹ́ ẹ wò ó bóyá àmì ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ yẹn, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi ẹjọ́ pamọ́. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti yáàdì. Ẹ sì gba ìwé owó ibodè, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

30/ Tòkunbọ̀ àbí èyí tí wọ́n ti lò nílé? Tẹ́lẹ̀, ìdáhùn rọrùn. Lónìí, èmi ò rí i bó ṣe rọrùn mọ́. Ọkọ̀ tí aládùúgbò yín lò fún ọdún márùn-ún, tẹ́ ẹ mọ mẹkáníìkì rẹ̀, tẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ní jàǹbá, ìtàn rẹ̀ ò ṣókùnkùn. Tòkunbọ̀ tó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ lẹ mọ̀. Tí owó méjèèjì bá jìnnà síra gan-an, ẹ bi ara yín: ṣé ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi mílíọ̀nù yẹn rà, àbí orúkọ "tòkunbọ̀"?

31/ Olùkọ́ kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi wà lára àwọn tó bi mí. Owó tí wọ́n ní nípamọ́ kù díẹ̀ káàtó, wọ́n fẹ́ yá ìyókù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n fi ra V6 tòkunbọ̀. Ọmọ méjì, ilé ìwé ò jìnnà, ọjà ọ̀sẹ̀ẹ̀sẹ̀. Mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má rà á." Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà ò dáa o. Ọdún méjì ni wọ́n máa fi san gbèsè yẹn, owó oṣù wọn náírà ni, gbogbo ohun tí ọkọ̀ yẹn máa bèèrè lọ́wọ́ wọn, ẹsẹ̀ dọ́là ló ń tẹ̀ lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986 àti 2023 tún lè ṣẹlẹ̀ kí gbèsè tó tán.

32/ Ta ló wá yẹ kó rà á? Ẹni tí ìjókòó rẹ̀ máa ń kún lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń gba ọ̀nà tí ọkọ̀ ilẹ̀ ò lè gbà, tó lè rà á láìyáwó, tó sì máa ṣẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún owó ọkọ̀ kù sọ́wọ́ fún àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá wà nínú àwọn yẹn, ẹ wá ìran kejì tí ìtàn rẹ̀ mọ́, onísìlíńdà 4 tó bá jẹ́ àárín ìlú lẹ ti ń rìn jù, kẹ́ ẹ rà á, kẹ́ ẹ fi ṣayọ̀. Tẹ́ ẹ ò bá sí, Corolla tàbí Camry tó mọ́ á gbé yín débi kan náà. Egungun Camry náà ni Highlander wà lórí rẹ̀, mo ti sọ ọ́.

33/ Àwọn òbí wa àgbà ò gbọ́n jù wá lọ tí wọ́n fi ra ọkọ̀ tuntun, àwa náà ò sì gọ̀ tá a fi ń ra àlòkù. Owó wọn ló ká a, tiwa ni ò ká a. Àmọ́ wọ́n ní ohun kan tó yẹ ká kọ́: wọ́n ra ọkọ̀ tí owó oṣù wọn lè bọ́. Ìjàpá ni olùkọ́ rà, kò jìjàdù Peugeot mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́.

34/ Ó parí. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ń lọ Berger lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ ilé yín sísàlẹ̀ fún mi, ọdún tí wọ́n rà á, àti bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀. Mo fẹ́ wo ọdún tí "tuntun" dópin nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan.